Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá SLR Kan Wúlò fún Ìpinnu Tí Ẹ Fẹ́ Ṣe Lórí Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà

Ẹnìkan nínú ikọ̀ yín ní kí gbogbo yín máa kọ ìdánwò kí ẹ tó kọ kóòdù, ìyẹn TDD (test-driven development). Ẹlòmíràn ní àkókò lásán ni yóò jẹ. Ẹ wá orí íntánẹ́ẹ̀tì títí, ẹ rí ìwé kan tó kó ìwádìí 27 jọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, ẹ sì ju líǹkì rẹ̀ sínú WhatsApp ikọ̀: "Ìwádìí ti sọ ọ́, ó tán." Kò tíì tán.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní systematic literature review, SLR ní ìkékúrú. Àwọn olùwádìí fi ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣa gbogbo ìwádìí tó wà lórí ìbéèrè kan, wọ́n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n sì sọ ohun tí àpapọ̀ wọn fi hàn. Ohun tó ń da àwọn ènìyàn rú ni pé SLR lè jẹ́ iṣẹ́ gidi kó má sì wúlò fún wọn rárá. Ó sì lè ní àléébù, kí àtẹ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ wọn. Àkótán iwájú ìwé kò lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ, tí n ó máa pè ní ìwádìí ìpìlẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, ló ń sọ ọ́.

Ẹni tó fẹ́ lo SLR ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kọ ọ́. TDD ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé ìwé oní-27 yẹn wà lóòótọ́: Yahya Rafique àti Vojislav Mišić ló gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìwádìí IEEE Transactions on Software Engineering lọ́dún 2013.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé SLR náà lódindi. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó, ẹ má tíì ra dọ́là. Ẹ tẹ "All versions" lábẹ́ rẹ̀ lórí Google Scholar, ẹ wo arXiv àti ojúewé òǹkọ̀wé ní yunifásítì rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ ímeèlì sí òǹkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ wọn inú wọn máa ń dùn pé ẹnìkan fẹ́ kà á.
- Orúkọ gbogbo ìwádìí ìpìlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó sábà máa ń wà ní àfikún ẹ̀yìn ìwé, tàbí nínú fáìlì ọ̀tọ̀. Bí kò bá sí níbì kankan, ẹ pa ìwé náà dé.
- Ìwádìí ìpìlẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ó lò wọ́n ní ìpele kẹta.
- Excel, tàbí ìwé onílà.
- Alábàáṣiṣẹ́ kan tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Ẹni tó bá ti gbà pẹ̀lú yín kò ní rí ohun tí ẹ fojú fò.

Ìpele 1: Ẹ kọ ìbéèrè tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé náà

"Ṣé TDD dára?" kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ kọ ọ́ báyìí: Àwọn wo ni yóò ṣe é? Irú iṣẹ́ wo? Kí ni a ó fi wé? Èrè wo là ń wá? Kí la ṣe tán láti pàdánù nítorí rẹ̀? Ìdáhùn kan lè lọ báyìí: "Àwa mẹ́fà tí a ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ọdún méjì sí márùn-ún, lórí áàpù ìsanwó tó ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn kóòdù la máa ń kọ ìdánwò báyìí. A fẹ́ kí àṣìṣe tó ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà dín kù, a sì lè fara da kí iṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i."

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* "kí ni a ó fi wé" ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ikọ̀ yín kì í bá kọ ìdánwò rárá, ìbéèrè yín kì í ṣe ti TDD. Ìbéèrè yín ni bóyá kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdánwò, SLR mìíràn ló sì yẹ kí ẹ wá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún alábàáṣiṣẹ́ yín ní ìbéèrè náà. Ṣé ó lè sọ èsì tí yóò mú kí ẹ dáhùn pé "rárá"? Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ ti pinnu tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí àtẹ̀yìnwá lẹ kàn ń wá.

Ìpele 2: Ẹ mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín

Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní mapping study. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka iye ìwádìí tó wà, ọdún tí wọ́n jáde, àti ẹ̀ka tí wọ́n dá lé. Kò sọ bóyá nǹkan ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, kò sì pè é ní iṣẹ́ tirẹ̀. Oríṣi kejì ni SLR tó dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀kẹta ni meta-analysis, níbi tí wọ́n ti pa àwọn nọ́ńbà inú ìwádìí ìpìlẹ̀ pọ̀ láti mọ bí ipa nǹkan ṣe tóbi tó.

Ẹ má gba àkọlé gbọ́. Daniela Cruzes àti Tore Dybå yẹ àgbéyẹ̀wò 49 wò nínú iṣẹ́ wọn tó jáde ní 2011, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn ni kò pa èsì àwọn ìwádìí ìpìlẹ̀ pọ̀ rárá. Wọ́n kó wọn jọ, wọ́n tò wọ́n, wọ́n dákẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Nínú abala èsì, ẹ wá gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ pé "ohun báyìí ṣẹlẹ̀ sí nǹkan báyìí nígbà tí wọ́n ṣe báyìí." Bó bá jẹ́ àwòrán ọdún àti orúkọ ìwé ìròyìn nìkan ló kún ibẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún àkójọ orúkọ ìwádìí inú rẹ̀, kí ẹ sì wá òmíràn.

Ìpele 3: Ẹ yẹ ìṣàwárí wọn wò

Ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣàwárí kẹ́yìn. Ọdún tí ìwé jáde kọ́ nìyẹn o. SLR tí Tore Dybå àti Torgeir Dingsøyr ṣe lórí ọ̀nà agile, ìyẹn kí ikọ̀ máa ṣe iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní ìdá kékeré kékeré, jáde ní 2008, ṣùgbọ́n ìwádìí tó dé ọdún 2005 ló mọ. Ẹni tó bá fi ọdún 2008 sọ́kàn ti ṣi í kà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti wá a: IEEE Xplore, ACM Digital Library, Scopus àti àwọn bíi tiwọn. Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n tún tọpasẹ̀ àwọn ìwé tí ìwádìí kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí àti àwọn tó tọ́ka sí i, ìyẹn snowballing, èyí tí Claes Wohlin kọ ìlànà rẹ̀ ní 2014.

Nísinsìnyí, ẹ mú ìwádìí méjì tí ẹ ti mọ̀ jáde. Fún TDD, ẹ lè lo èyí tí Nachiappan Nagappan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí ikọ̀ mẹ́ta ní Microsoft àti ọ̀kan ní IBM, tó jáde ní 2008, pẹ̀lú èyí tí Hakan Erdogmus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe, tó jáde ní 2005. Ẹ wá wọn nínú àkójọ SLR náà. Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo òṣùwọ̀n tí wọ́n fi yọ ìwádìí kúrò, bóyá ìdí wà tó fi bọ́ síta. Bí kò bá sí ìdí, ìṣàwárí wọn jò.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* ẹlòmíràn yóò rí i pé ìwádìí kan sọnù, yóò sì da gbogbo SLR nù. Ẹ rọra. Ikọ̀ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti ṣe mapping study rí lórí ìdánwò software product lines (ọ̀wọ́ sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ́ lórí ìpìlẹ̀ kan náà), ọ̀rọ̀ kan náà, ní àkókò kan náà. Nígbà tí Wohlin àti àwọn kan fi méjèèjì wéra ní 2013, ìwádìí tí wọ́n kó jọ kò bára mu tán, bí wọ́n sì ṣe pín in sí ọ̀wọ́ yàtọ̀ síra. Kò sí SLR tó rí gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni bóyá ohun tó sọnù lè yí èsì padà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ ibi tí wọ́n ti wá a, ọjọ́ tí wọ́n dúró, àti ohun tí wọn kò wá rárá. Ìrírí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n kọ sórí búlọ́ọ̀gì tàbí sọ níbi ìpàdé, máa ń wà lára èyí tó kẹ́yìn yìí.

Ìpele 4: Ẹ fún un ní máàkì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́

Ìbéèrè mẹ́rin wà tí wọ́n ń pè ní òṣùwọ̀n DARE. Inú ìmọ̀ ìṣègùn ló ti wá. Ṣé wọ́n sọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi gba ìwádìí tàbí tí wọ́n fi yọ ọ́, ó sì bójú mu? Ṣé ìṣàwárí wọn lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó yẹ kó rí? Ṣé wọ́n yẹ ojúlówó ìwádìí ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò? Ṣé wọ́n ṣàpèjúwe ìwádìí kọ̀ọ̀kan tó? Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ 1, díẹ̀ jẹ́ 0.5, rárá jẹ́ 0. Báyìí ni Barbara Kitchenham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún SLR 20 ní máàkì nínú iṣẹ́ wọn ti 2009.

Máàkì 4 nínú 4 fi hàn pé àwọn tó ṣe é kò ṣe wúruwùru. Kò sọ pé ó bá yín mu. Bó bá gba 1 péré, ẹ má fi ìrọ̀lẹ́ yín ṣòfò lórí ìpele tó kàn.

Ìpele 5: Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọn ìwádìí ìpìlẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ ṣí Excel, ẹ fi ìwádìí kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, kí òpó márùn-ún sì wà: àwọn tí wọ́n fi ṣe é, bí iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n fi wé, ohun tí wọ́n wọ̀n, èsì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti wà nínú àtẹ SLR náà. Èyí tí kò bá sí, ẹ ṣí ìwádìí ìpìlẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ mú mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá bí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ má kàn mú àwọn tó wù yín.

*Àwọn tí wọ́n fi ṣe é.* Ẹ padà sí ìwé oní-27. Èsì gbogbogbòò rẹ̀ ni pé TDD mú kí ojúlówó iṣẹ́ sàn sí i díẹ̀, ipa rẹ̀ lórí iye iṣẹ́ tí ènìyàn ń parí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ibẹ̀ ni ẹni tó ka àkótán lásán máa ń dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rafique àti Mišić ya ìwádìí ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n rí i pé èrè lórí ojúlówó tóbi gan-an sí i ní ilé iṣẹ́, àdánù lórí iye iṣẹ́ sì tóbi sí i bákan náà. "Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ipa" yẹn wá jẹ́ àárín àgọ́ méjì, ẹ kò sì gbé ní àárín. Ìwádìí Microsoft àti IBM tí mo dárúkọ lókè bá èyí mu: iye àṣìṣe kí iṣẹ́ tó jáde fi 40% sí 90% dín kù, àwọn ọ̀gá ikọ̀ sì fojú bù ú pé àkókò ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fi 15% sí 35% gùn sí i. Ẹ kíyè sí "fojú bù ú" o. Ẹnikẹ́ni kò fi aago wọ̀n ọ́n.

*Ohun tí wọ́n fi wé.* Èmi gbà pé òpó yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú márààrún, òun sì ni wọn kì í sábà kà. Nínú ìwé oní-27 náà, níbi tí àwọn TDD ti lo agbára lórí ìdánwò ju àwọn tí wọ́n fi wé wọn lọ dáadáa, àdánù lórí iye iṣẹ́ tóbi sí i. Nínú ìwádìí ilé ẹ̀kọ́, èrè lórí ojúlówó náà tóbi sí i. Fún ti ilé iṣẹ́, dátà kò tó láti sọ ọ́. Ó wá ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pípọ̀ tí ìdánwò pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, pé kì í ṣe pé ìdánwò ṣáájú kóòdù. Ìwádìí Erdogmus náà tọ́ka síbẹ̀: bí ìdánwò ṣe ń pọ̀ sí i ni ojúlówó tó kéré jù tí wọ́n rí ń gòkè, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà. Ní 2017, Davide Fucci àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde tí wọ́n fi òṣìṣẹ́ 39 ṣe, wọ́n sì ní bóyá ìdánwò ṣáájú tàbí ó gbẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ipa. Kí ènìyàn máa gbé ìgbésẹ̀ kékeré tó dọ́gba ló bá èsì rere rìn. SLR ti 2013 kò lè mọ ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ wá ọjọ́ ìṣàwárí.

*Bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó.* Rafique àti Mišić rí i pé bí iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni èrè TDD lórí ojúlówó ṣe ń tóbi sí i. Bí ìlà Excel yín bá kún fún iṣẹ́ kíláàsì tó parí láàárín wákàtí díẹ̀, áàpù ìsanwó yín kò sí nínú wọn.

*Ohun tí wọ́n wọ̀n.* "Ojúlówó" nínú ìwádìí kan lè jẹ́ iye ìdánwò àwọn olùwádìí tí kóòdù yege. Nínú èkejì, iye àṣìṣe tí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ kan náà, nǹkan méjì. Ẹ kọ ohun tí wọ́n wọ̀n gan-an, ẹ má kọ orúkọ tí wọ́n pè é.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n máa ń fi iye ìwádìí yangàn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Kitchenham, Emilia Mendes àti Guilherme Travassos kó ìwádìí 10 jọ ní 2007 láti mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ lè fi dátà àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣírò iye tí iṣẹ́ sọ́fítíwíà yóò ná an. Méje péré nínú 10 ni èsì wọn dá dúró. Ẹ wo bóyá àwọn tó kọ SLR yín ṣe irú àyẹ̀wò yìí, nítorí pé dátà kan náà lè bí ìwé mẹ́ta.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi àwọ̀ kan kun gbogbo ìlà tó jọ ikọ̀ yín nínú òpó mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí àwọ̀ náà kò bá dé ìlà mẹ́ta, àwọn ẹlòmíràn ni SLR náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ìpele 6: Ẹ wo bí wọ́n ṣe pa èsì pọ̀

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kíka ìbò: mélòó ló ní bẹ́ẹ̀ ni, mélòó ló ní rárá. Nínú àwọn méje tí mo sọ yẹn, mẹ́ta ní dátà ilé iṣẹ́ mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, mẹ́rin ní ó burú jù ú lọ. Ẹni tó bá kéde pé "mẹ́rin borí" kò sọ nǹkan kan, nítorí ìwádìí kékeré àti ńlá ní ìbò kan náà. Ìbéèrè tó ń mú nǹkan jáde ni ohun tó ya àwọn mẹ́ta yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn mẹ́rin.

Bó bá jẹ́ meta-analysis, ẹ wá ohun mẹ́ta: bí ipa náà ṣe tóbi tó, bí ìwádìí ìpìlẹ̀ ṣe yàtọ̀ síra tó, àti bóyá wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé àwọn tí kò rí nǹkan kan lè má rí ibi gbé ìwádìí wọn jáde. Jo Hannay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é dáadáa ní 2009, nígbà tí wọ́n pa ìwádìí 18 pọ̀ lórí kí ènìyàn méjì máa kọ kóòdù pọ̀ nídìí kọ̀ǹpútà kan. Èrè kékeré ni lórí ojúlówó, èrè tó mọ níwọ̀n lórí bí iṣẹ́ ṣe ń yára parí, àdánù tó mọ níwọ̀n lórí àpapọ̀ wákàtí tí àwọn méjèèjì lò. Wọ́n wá fi kún un pé ìwádìí wọ̀nyẹn yàtọ̀ síra gan-an, àti pé àmì wà pé àwọn kan kò rí ibi jáde. Irú SLR tó bá ń fẹnu ara rẹ̀ sọ àléébù rẹ̀ ni kí ẹ fọkàn tán. Dybå àti Dingsøyr náà rí ìwé 1996 lórí agile, wọ́n mú 36 jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ láìfepo-boyọ̀ pé agbára ẹ̀rí náà kéré gan-an.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ sọ èsì náà fún alábàáṣiṣẹ́ yín láìlo "ìwádìí mélòó". Ẹ sọ bó ṣe tóbi tó, fún ta ni, àti bó ṣe dájú tó.

Ìpele 7: Ẹ wá SLR kejì lórí ìbéèrè kan náà

Lórí TDD, ó wà: Hussan Munir, Misagh Moayyed àti Kai Petersen, 2014. Wọ́n pín ìwádìí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ ṣe é tó àti bó ṣe jọ iṣẹ́ gidi tó. Èyí tó ga nínú méjèèjì fi hàn pé ojúlówó tí oníbàárà ń rí sàn sí i, ṣùgbọ́n ó jọ pé iye iṣẹ́ tí ènìyàn ń parí ló ń san owó rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ sí ti 2013, síbẹ̀ wọ́n dé ibi kan náà.

Bí SLR méjì bá ta kora, ẹ má yan èyí tó tuntun jù kíákíá. Ẹ fi àkójọ ìwádìí wọn síra lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo èyí tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní. Níbẹ̀ ni ìjà náà sábà máa ń wà.

Ìpele 8: Ẹ kọ ìpinnu yín, kí "bí" wà nínú rẹ̀

Ìpinnu mẹ́ta ló wà: ẹ yí padà, ẹ dán an wò níbi kékeré, tàbí ẹ fi sílẹ̀. Fún ikọ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, tèmi ni pé kí wọ́n dán an wò, báyìí: "A ó fi TDD kọ apá ìdápadà owó nìkan. A ó máa ka àṣìṣe tí oníbàárà bá rí, a ó sì kọ wákàtí tí a lò sílẹ̀. Apá kejì tó tóbi bíi tirẹ̀, a ó kọ ìdánwò rẹ̀ lẹ́yìn kóòdù, ṣùgbọ́n kí ìdánwò náà pọ̀ tó ti TDD. Bí àṣìṣe kò bá dín kù ju ti apá kejì lọ, a ó fi TDD sílẹ̀, a ó sì di ìdánwò púpọ̀ mú." Ìpele 5 ló bí gbólóhùn kẹta yẹn, ẹni tó ka àkótán nìkan kò lè kọ ọ́.

*Àyẹ̀wò:* Alátakò yín nínú ikọ̀ gbà pé ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà dán an wò kò ṣègbè fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ SLR méjèèjì àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣàwárí kẹ́yìn sí abẹ́ ìpinnu náà, kí ẹ tẹ "Cited by" lábẹ́ wọn lórí Google Scholar, kí ẹ sì tan alert síbẹ̀, kí ìwádìí tuntun tó bá tọ́ka sí wọn máa wá bá yín nínú ímeèlì.